Fídíò Ìyá Tí Kò Sọ̀rọ̀

Wọ́n ti fẹjọ́ adìyẹ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá yẹn rí, wọ́n ti fẹjọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sùn, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó wọlé wá sọ pé wọ́n jí ohùn gbé. Ọ̀gá tó ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ gbé bírò sókè, ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀, ó tún gbé bírò náà sílẹ̀.

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn ìyá mi, sà."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"A sin wọ́n lóṣù tó kọjá."

Ọ̀gá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ló máa ń ṣáájú làákàyè rẹ̀. Ó bi í pé ṣé kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé olè wọ ọ̀nà ọ̀fun òkú ni. Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ nù ún.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ṣìkejì ni Tún-un-ṣe, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó jókòó sídìí tábìlì igun. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ wà nínú ìwé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni, kì í pariwo mọ́ ọ̀daràn, kì í halẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́: "Tún un ṣe kí n rí i." Ẹni tó bá ní ojú fèrèsé ni òun bá wọlé, yóò ní kó tún un bá ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ irọ́ ló ti há sójú fèrèsé báyẹn, tí kò lè wọlé, tí kò lè jáde.

Ó dìde, ó fa àga fún obìnrin náà.

"Jókòó, àbúrò mi. Ta ni wọ́n ní ó jí i?"

"Èmi ni, mà."

* * *

Bí wọ́n ṣe jọ ń rìn lọ sílé obìnrin náà ló ń rò ó fún Tún-un-ṣe. Aránṣọ ni, ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbé, òun ló sì tọ́jú ìyá títí ẹ̀mí fi bọ́. Nígbà tí ìyá rí i pé àìsàn náà kò fẹ́ fi òun sílẹ̀, ó ní kí wọ́n wá kámẹ́rà wá, kí òun fi ẹnu ara òun sọ ohun tó wà nínú òun. Aránṣọ yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ayàwòrán kan ládùúgbò, ó yá máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀, torí ohùn ìyá ti rẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n ká fídíò náà tán, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà ilé, wọ́n dá kámẹ́rà padà, ayàwòrán sì pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó lè fi ṣiṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá wá fi òfin kan dè é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a wò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde nínú kọ̀ǹpútà náà, àfi ìgbà tí bàbá àti ọmọ méjèèjì bá ti jókòó pọ̀ gbọ́ ọ.

Wọ́n jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Pílẹ́yà tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń wo fídíò, ní òun kò mọ irú fídíò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ránṣẹ́ pe oníkọ̀ǹpútà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní oríta, ó gbé pílẹ́yà mìíràn sí i. Ìyá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń ya ẹnu, ó ń mi orí, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Oníkọ̀ǹpútà tún gbé òmíràn sí i, bákan náà ni. Ó wá sọ fún wọn pé ẹnìkan ti yọ ohùn kúrò nínú fídíò náà.

"Bùrọ̀dá mi ní èmi ni," ni Aránṣọ wí. "Ó fẹ́ mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀, èmi sì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti mọ́ra. Ó ní mo mọ̀ pé Màámi máa ti òun lẹ́yìn nínú fídíò yẹn ni mo ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Gbogbo ẹbí ló ti sọ ọ́ fún. Ọ̀la ló ń padà. Ó ní tí ohùn yẹn ò bá jáde kí òun tó lọ, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

"Ṣé ìwọ lo yọ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Kí ni ìyá sọ nínú ẹ̀?"

Aránṣọ wo ilẹ̀. "N ò mọ̀, mà. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀, mo jáde."

Tún-un-ṣe gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká kejì.

* * *

Yàrá àwọn òbí ni kọ̀ǹpútà náà wà, lórí tábìlì tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn gan-an. Bàbá ló jókòó létí ibùsùn. Bàbá Sọ́míìlì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ìdí ẹ̀rọ tó ń la pákó ló ti lo ayé rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti gba etí òsì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tún-un-ṣe kí i, kò gbọ́. Aránṣọ fà á lọ sí apá ọ̀tún, ó tún kí i, bàbá sì dáhùn jẹ́jẹ́. Ìrọ̀rí méjì ló wà lórí ibùsùn náà. Ọ̀kan rún, èkejì sì ṣì wà bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà kò tíì sún wọ àárín.

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán. Apòògùn ni, ó ga, ó ń yára sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ìbànújẹ́ tí kò rí ibi jókòó sí ló ti di ìbínú sí i lára.

"Mà, ẹ má jẹ́ kó fi ẹkún tàn yín. Òun nìkan ló ń gbélé. Òun ló mọ ìdí kọ̀ǹpútà."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá? Bọ́ọ̀lù ni Bàbá mọ̀-ọ́n wò."

"Ẹ jẹ́ ká wo fídíò yẹn. Ẹ tún un ṣe bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà."

Oníkọ̀ǹpútà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, tẹ máòsì. Ìyá yọ. Ó ti rù débi pé ọrùn rẹ̀ kò kún aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó sì jókòó ṣinṣin. Máíkì kékeré náà wà láyà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló jókòó sí. Ní apá òsì rẹ̀, àga kan ṣófo.

"Ẹ wo àga yẹn!" Ẹ̀gbọ́n na ìka sí i. "Ta ló ń gbé àga ṣófo sínú fídíò? Ẹnìkan jókòó síbẹ̀, wọ́n ti gé e kúrò. Tí wọ́n bá lè gé ènìyàn, ohùn ni wọn ò ní lè gé?"

Tún-un-ṣe sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Àga yẹn kò ṣófo," ló wí. "Fìlà wà lórí ẹ̀. Fìlà ta ni?"

Aránṣọ dáhùn pẹ̀lẹ́. "Ti Bàbá."

"Tí wọ́n bá gé ènìyàn kúrò, kò ní ku fìlà. Ẹni tó bá gbé fìlà sórí àga, ó ń gba àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín ni."

Fídíò ń lọ. Ìyá wúkọ́, ọwọ́ ẹnìkan sì na ife omi sí i láti ẹ̀gbẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Tún-un-ṣe rí ọwọ́ náà dáadáa. Nígbà tí fídíò parí, ó ní òun fẹ́ mu omi, kí Aránṣọ wá fi ibi tí wọ́n gbé e sí han òun.

* * *

Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rọ ìránṣọ wà, aṣọ dúdú kan tí kò tíì parí sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Tún-un-ṣe kò mu omi.

"Tépù tí o fi ń wọn aṣọ, ibo lo máa ń gbé e sí tí o bá ń ṣiṣẹ́?"

"Mo máa ń wé e mọ́ ọwọ́ ni, mà, kó má sọnù." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló wo ọwọ́ ara rẹ̀. Tépù náà wà níbẹ̀.

"Ọwọ́ tó gbé omi fún ìyá náà ní tépù lọ́rùn ọwọ́. O ò jáde, àbúrò mi. O wà níbẹ̀, o sì gbọ́."

Aránṣọ jókòó sórí àpótí.

"Mo gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ohun tí bùrọ̀dá mi ń sọ náà ni. Wọ́n ní kí Bàbá máa bá a lọ." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo bẹ Màámi, mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀, mo ní màá tọ́jú Bàbá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òun ni, ẹnu òun ni kó ti jáde, kí n má gbà á sọ. Wọ́n mú mi búra. Tí mo bá lọ sọ ọ́ báyìí, Bàbá á rò pé èmi ni mo lé àwọn jáde."

Ọ̀rọ̀ rèé. Ọmọbìnrin yìí ní ìdí tó fi lè pa ohùn náà, ó ní àyè, ó tún ti parọ́. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn ì bá ti kọ ẹjọ́ náà parí síbẹ̀. Tún-un-ṣe náà rò ó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn. Lóòótọ́ ẹni tó pa ohùn kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n bá òun wá a, ṣùgbọ́n ó ti rí olè tó ń bá wọn wá ẹrù rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Tí ohùn yìí bá jáde," ló bi í, "bàbá á lọ, ìwọ nìkan lá sì kù nínú ilé yìí. Ṣé o ṣì fẹ́ kí n wá a?"

"Ẹ bá mi wá a, mà. Ohùn Màámi ni."

* * *

Wọ́n bá oníkọ̀ǹpútà níbi tó ti fẹ́ gbé pílẹ́yà kẹrin sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní èyí lágbára ju àwọn ìyókù lọ.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná," ni Tún-un-ṣe wí. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn méjì tí ẹ ti gbé wá, ṣé àwòrán ló kọ̀ láti yọ nínú wọn?"

"Rárá o, àwòrán yọ kedere."

"Ẹ ní ẹnìkan yọ ohùn kúrò. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ohùn ò jáde nínú pílẹ́yà kankan. Àwọn fídíò yòókù ń dún nínú gbogbo wọn. Ó tán nìyẹn, fídíò yìí ló ní àléébù."

"Ó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n etí nìkan la ti ń bi. Kò sí èyí tó ń fi ohùn han ojú nínú àwọn pílẹ́yà yín?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Ó wà. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé wá lè ṣe é. Ìlà méjì ló máa ń fi hàn, ti òkè fún apá òsì, ti ìsàlẹ̀ fún apá ọ̀tún. Bí ohùn bá ṣe ń lọ ni wọ́n á máa fò. Eré àwọn ọmọdé ni mo máa ń kà á sí."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe eré náà."

Ó ṣí i. Ìlà méjì nà gbọọrọ lábẹ́ àwòrán ìyá, wọn kò mì. Ìyá tún gèlè ṣe. Ìyá ya ẹnu.

Ìlà òkè fò.

Bí ìyá bá sọ̀rọ̀, ìlà òkè á fò. Bó bá dákẹ́, á nà. Nígbà tó wúkọ́, ó fò sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Aránṣọ sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìlà ìsàlẹ̀ kò mira rárá.

"Ohùn ìyá yín nìyẹn," ni Tún-un-ṣe wí. "Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kí ló wá dé tí a ò gbọ́ ọ?"

"Ẹjọ́ tó kù nìyẹn. Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà, ẹ bá wa gbé fídíò bọ́ọ̀lù kan sí i."

Ariwo èrò gba yàrá, ìlà méjèèjì sì ń fò. Oníkọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ní ó ti yé òun báyìí. Àwọn máíkì kékeré kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fi wọ́n sínú kámẹ́rà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń da ohùn sí. Apá òsì nìkan ni ohùn ìyá wà.

Etí ni Tún-un-ṣe fi ń wá ibi tí ariwo bọ́ọ̀lù náà ti ń jáde. Sípíkà kan ló wà lórí tábìlì, ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, eruku bo gbogbo tábìlì àfi ojú ibì kan tó mọ́ bí ìwọ̀n ìdí sípíkà.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Sípíkà kejì, mà," ni Aránṣọ dáhùn. "Ó ti kú. Mo ti gbé e sínú àpótí nígbà tí kò dún mọ́."

"Gbé e wá."

Ó gbé e wá. Tún-un-ṣe yọ okùn ti ọ̀tún, ó fi òkú sípíkà náà rọ́pò rẹ̀. Ariwo èrò tú jáde lẹ́nu rẹ̀ pé àwọn ti gbá a wọlé.

"Òkú yìí mà lóhùn dáadáa o," ni oníkọ̀ǹpútà wí, kò sì sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Sípíkà ò ṣe nǹkan kan. Okùn ò ṣe nǹkan kan. Nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ti apá òsì pa. Ibo ni wọ́n ti ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún?"

Oníkọ̀ǹpútà wá ibẹ̀ kàn. Ọ̀tún wà lókè téńté. Òsì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Èyí kì í ṣàdédé sọ̀kalẹ̀," ló wí.

"Ṣé ẹ rí i!" Ẹ̀gbọ́n ti dìde. "Mo sọ! Kò rí i yọ, ló bá ti ibòmíràn tì í pa! Ta ló tún mọ irú ibẹ̀ yẹn?"

Aránṣọ kò tilẹ̀ gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Tún-un-ṣe ló kọjú sí i. "Ìgbà wo ni sípíkà yìí dákẹ́?"

"Ìgbà tí Màámi ò lè dìde mọ́ ni. Mi ò ráyè gbé e lọ tún ṣe."

"Kí ẹ tó ká fídíò ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ó ti ṣáájú, mà. Ó ti wà nínú àpótí kí n tó lọ yá kámẹ́rà."

"Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá?" ni Tún-un-ṣe bi Ẹ̀gbọ́n. "Ẹni tó ti apá òsì pa tì í pa nígbà tí kò tíì sí ohùn kankan tó fẹ́ fi pamọ́. Kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ó kàn jẹ́ ẹni tí apá òsì kò wúlò fún ni."

Bó ṣe sọ ọ́, ó wu òun fúnra rẹ̀ pé kí ìrònú òun má tọ̀nà. Gbogbo wọn yí ojú sí ibùsùn.

* * *

Bàbá kò tíì gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Tún-un-ṣe lọ kúnlẹ̀ ní apá ọ̀tún rẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí ìyá ń ṣàìsàn, báwo lẹ ṣe ń wo bọ́ọ̀lù yín?"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un ṣe kí n rí i."

Ọkùnrin náà wò ó, ó sì dìde. Ó jókòó sídìí tábìlì. Ó yọ okùn sípíkà, ó mú íápíìsì jáde nínú àpótí tábìlì, ó kì í bọ ihò kan náà. Ó fi ẹyọ kan sí etí ọ̀tún. Ẹyọ kejì kò wúlò fún un. Kò wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ tó fi gbé e sórí ibùsùn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí tí kò rún. Lẹ́yìn náà ló mú máòsì, ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín ohùn tààrà bí ẹni ń lọ sílé, ó sì wo ìlà apá òsì bóyá ó ṣì wà nísàlẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín níbẹ̀ yẹn, Bàbá?"

"Ìyá wọn ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èyí tí mo bá gbé sílẹ̀ máa ń han gooro létí ẹ̀. Ó ní ó ń ké bí ẹ̀fọn, òun ò rí oorun sùn. Ìrora náà kì í sì í jẹ́ kó tètè sùn tẹ́lẹ̀. Mo wá tì í pa. Ó sùn lọ́jọ́ náà. Ó sùn dáadáa." Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló dé?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Aránṣọ ló lọ dì mọ́ ọn, tó sọ ọ́ sí i létí ọ̀tún. Bàbá gbọ́ ọ, ó wo máòsì tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ kíá.

"Kí ó lè sùn ni mo ṣe tì í," ló wí. "Oorun ni mo ń wá fún un."

"A mọ̀, Bàbá," ni Tún-un-ṣe wí. Ojú rẹ̀ náà kò gbẹ.

Wọ́n dá okùn sípíkà padà. Oníkọ̀ǹpútà fa apá òsì gòkè, ó sì rọra jáde kúrò ní yàrá láìjẹ́ pé wọ́n lé e. Tún-un-ṣe gbé sípíkà òsì sí àyè rẹ̀ níbi tí eruku kò sí, ó ní kí wọ́n jókòó. Fídíò bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó ti ń ká a?" ni ohùn ìyá wí.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré. Aránṣọ di etí tábìlì mú. Bàbá nìkan ló jókòó tó ń wò wọ́n láti ọ̀kan dé èkejì. Ohùn náà lọ sílẹ̀, apá òsì ló sì ti ń jáde. Kò gbọ́ ọ.

Tún-un-ṣe dá fídíò dúró. Ó gbé sípíkà náà kúrò lápá òsì, ó fa okùn rẹ̀ yí ẹ̀yìn tábìlì, ó sì gbé e lé èjìká ọ̀tún bàbá. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó ti ń ká a? Ó dáa. Bàbá wọn, mo ti gbé fìlà yín sórí àga. Apá òsì mi ni kí ẹ jókòó sí, kí etí yín tó dáa lè kọjú sí mi. Ẹ máa bá ọmọkùnrin wa lọ. Ẹ má jókòó ti ilé yìí torí mi, n ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin tó ń ká mi yìí, ọdún tó yẹ kó fi kọ́ ilé tiẹ̀ ló fi ń gbé mi dìde tó fi ń gbé mi dùbúlẹ̀. Tí ẹ bá dúró, á tún máa gbé ẹ̀yin náà. Á sunkún. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Èmi ni mo ní kó má sọ ọ́ fún yín, ẹ má bá a wí." Ó wúkọ́. Omi dé. "Ìwọ ọmọkùnrin mi, ẹnu rẹ ti ń ṣáájú rẹ láti kékeré. Má pariwo mọ́ àbúrò rẹ."

* * *

Nígbà tí wọ́n jáde sí pálọ̀, Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú àbúrò rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ohun tó mọ̀ nípa fídíò náà rí bó ṣe wí gẹ́lẹ́, ohun tó mọ̀ nípa àbúrò rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

"O mọ̀ pé ohun tí wọ́n sọ nìyẹn," ló wí, "o sì lọ pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá a jáde."

"Ohùn Màámi ni."

"Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí." Ó kọjú sí Tún-un-ṣe bíi pé òun ló lè dá ọjọ́ padà. "Mà, mo ti sọ fún gbogbo wọn."

"Ẹyin lọ̀rọ̀, Ọ̀gá. Ó ti bọ́," ni Tún-un-ṣe wí. "Àmọ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ pè wọ́n níbí, kí àbúrò yín máa gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mú fóònù jáde. Ìgbà tí Tún-un-ṣe fi dágbére fún wọn, ó ṣì ń pè.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, Tún-un-ṣe yà síbẹ̀. Mọ́tò Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù bàbá ti wà nínú bùútù. Kò pọ̀. Oníkọ̀ǹpútà ti da fídíò sínú fíláàṣì fún olúkúlùkù, torí wọ́n ti jọ gbọ́ ọ, òfin ìyá sì ti tú. Pílẹ́yà tó ń fi ìlà hàn yẹn ló yàn fún wọn. Ó ní ó lè da ohùn òsì àti ti ọ̀tún pọ̀ sójú kan, kí bàbá máa fi íápíìsì gbọ́ aya rẹ̀ ní etí tó dáa.

Bàbá ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Sípíkà òsì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wé okùn rẹ̀ mọ́ ọn dáadáa.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n gbé e padà sílé," ni Aránṣọ wí. "Tí kò bá sí lára kọ̀ǹpútà, kò lè dún. Fíláàṣì yín wà lọ́wọ́ Bùrọ̀dá."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí.

Ó gbé sípíkà náà kúrò lórí ẹsẹ̀, ó gbé e sórí àga mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Apá òsì ló kọ́kọ́ gbé e sí. Ó rò ó wò, ó sún ara rẹ̀ kúrò, ó sì gbé e sí apá ọ̀tún.

Aránṣọ dúró tí ẹnu ọ̀nà mọ́tò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó má sunkún. Ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.